Bí Ẹja Ekurá Bá Bu Èèyàn Jẹ, Ṣé Ó Bọ́gbọ́n Mu Kí Wọ́n Ti Etíkun Pa?

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Ẹja ekurá, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí ṣáàkì, á bu ẹnì kan jẹ nínú òkun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àsíá pupa á ti wà lókè, wọ́n á ti lé gbogbo èèyàn jáde nínú omi, wọ́n á sì kéde pé etíkun ti di títì pa. Lọ́jọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, wọ́n á ní ó ti ṣí. Àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ ariwo pé kí ló dé tí wọ́n tètè ṣí i, ṣebí ẹja yẹn ṣì wà níbẹ̀. Àwọn mìíràn á ní kí ló tiẹ̀ dé tí wọ́n tì í, ṣé òkun ní ilẹ̀kùn ni?

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé iṣẹ́ tí àwọn èèyàn rò pé títi etíkun ń ṣe yàtọ̀ sí iṣẹ́ tó ń ṣe gan-an. Ọ̀pọ̀ gbà pé wọ́n tì í kí ẹja lè ráyè lọ, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí i, ẹja ti lọ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, títi omi pa fún wákàtí díẹ̀ bọ́gbọ́n mu dáadáa, àmọ́ ìdí tó fi bọ́gbọ́n mu kọ́ ni èyí tí wọ́n sábà máa ń sọ fún wa. Tó bá sì ti kọjá wákàtí díẹ̀ yẹn, iye ọjọ́ tí wọ́n bá kéde kò fi bẹ́ẹ̀ kan ẹja mọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń tì. Níbi tó pọ̀, omi ni, iyanrìn kò sí níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, bí ẹ bá rí àsíá pupa méjì lórí òpó kan náà, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ omi. Ẹ lè jókòó sórí iyanrìn kí ẹ máa gbafẹ́ yín lọ. Àsíá aláwọ̀ àlùkò yàtọ̀ sí ìyẹn. Ohun tó ń sọ ni pé ohun abẹ̀mí kan tó lè ṣeni léṣe wà nínú omi, ó lè jẹ́ ekurá, ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn tó ń ta èèyàn. Ìkìlọ̀ ni, kò lé ẹnikẹ́ni jáde. Ọ̀pọ̀ ìjà tó ń wáyé lórí ọ̀rọ̀ títi etíkun ì bá ti rọlẹ̀ ká ní àwọn tó ń jà mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà láàárín méjèèjì.

Ó ku ìṣirò, nítorí òun ni àwọn tí kò fẹ́ kí wọ́n ti etíkun máa ń kọ́kọ́ fà yọ. Ní Yunifásítì Florida, àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti kó àkọsílẹ̀ ìkọlù ekurá kárí ayé jọ. International Shark Attack File ni orúkọ àkọsílẹ̀ náà. Ìkọlù tí èèyàn kò fọwọ́ ara rẹ̀ fà máa ń tó 60 sí 70 lọ́dún kárí ayé, àwọn tó sì ń kú nínú rẹ̀ máa ń jẹ́ nǹkan bíi mẹ́fà. Lọ́dún 2023, ìkọlù 69 ni wọ́n kọ sílẹ̀, èèyàn 10 kú nínú rẹ̀. Lọ́dún 2024, ó wálẹ̀ sí 47, èèyàn mẹ́rin kú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ní tiẹ̀, fojú bù ú pé nǹkan bíi 300,000 èèyàn ló kú sómi lọ́dún 2021. Kí la wá ń bẹ̀rù ekurá sí?

Òótọ́ ni ìṣirò yẹn, ó kàn jẹ́ pé kò dáhùn ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni. Ó ń sọ bí ewu ṣe kéré tó fún ẹni tó wọ òkun èyíkéyìí lọ́jọ́ èyíkéyìí. Ẹni tó dúró létí omi tí ẹja ti bu èèyàn jẹ ní ogún ìṣẹ́jú sẹ́yìn mọ ohun kan tí ìṣirò gbogbo ayé kò mọ̀: ekurá ńlá kan wà nítòsí, ó sì ti fi hàn pé òun lè gé èèyàn jẹ. Ewu tiẹ̀ ní wákàtí yẹn ti ga ju ti gbogbo ayé lọ fíìfíì. Ìbéèrè tó kù ni pé ewu náà á pẹ́ tó báwo lókè bẹ́ẹ̀, àti pé ó dé ibo sí ibo.

Ẹja ló ni ìdáhùn yẹn, ẹja sì máa ń rìn. Lóṣù November 2003, àwọn onímọ̀ so ẹ̀rọ atọpasẹ̀ mọ́ ekurá ńlá kan lára, irú èyí tí wọ́n ń pè ní great white, ní South Africa, wọ́n sọ ọ́ ní Nicole. Láàárín ọjọ́ 99, ó ti dé ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà, ìrìn tó lé ní 11,000 kìlómítà. Kí oṣù mẹ́sàn-án tó pé, ó ti padà sí South Africa. Bí a bá pín ìrìn àlọ rẹ̀ sórí iye ọjọ́ tó fi rìn ín, nǹkan bíi 110 kìlómítà ló ń rìn lójúmọ́. Kì í ṣe gbogbo ekurá ló ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ o. Àwọn bull shark fẹ́ràn ẹnu odò àti omi tí kò mọ́ gaara, wọ́n sì lè máa lọ máa bọ̀ ní agbègbè kan náà. Àwọn tiger shark tó wà ní Hawaii ń ti erékùṣù kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ekurá blacktip kéékèèké tó ń géni jẹ lẹ́sẹ̀ ní New Smyrna Beach ní Florida ń tẹ̀ lé ẹja wẹ́wẹ́ wọ inú ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó ń fi pátákó gun ìgbì máa ń wà.

Kí ni èyí sọ nípa etíkun tí wọ́n tì? Ẹja tó bu èèyàn jẹ lè ti jìnnà réré kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Òmíràn tí kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀rọ̀ náà sì lè ti dé síbẹ̀. Ká máa dúró kí "ẹja yẹn" lọ kò já mọ́ nǹkan kan bí ọ̀nà náà bá jẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà.

Àmọ́ ṣé kò sí ekurá kan tó burú ju àwọn tó kù lọ, tó ti mọ èèyàn bí oúnjẹ? Èrò yìí ti pẹ́. Victor Coppleson, dókítà oníṣẹ́ abẹ ará Ọsirélíà, ló gbé e lárugẹ jù ní àárín ọ̀rúndún ogún. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò gbà á nítorí pé kò sí ẹ̀rí, ẹ̀rí tó lágbára jù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti Caribbean ni. Lóṣù December 2020, tiger shark kan pa èèyàn ní erékùṣù Saint-Martin. Lóṣù January 2021, ekurá bu ẹlòmíràn jẹ ní Saint Kitts, ìyẹn kò kú. Wọ́n gba DNA ẹja lójú ọgbẹ́ méjèèjì, wọ́n fi wé ara wọn, ẹja kan náà ló jáde.

Àwọn tó gba èrò Coppleson gbọ́ èyí, inú wọn dùn. Ẹ dákun, ẹ tún wo ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Erékùṣù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí wọ́n bá ti etíkun Saint-Martin pa fún odidi oṣù kan gbáko, ẹni tó wà ní Saint Kitts kò ní bọ́. Ìgbà tí ekurá "oníwà burúkú" wà lóòótọ́ gan-an ni etíkun kan tí wọ́n tì pa kò ràn wá lọ́wọ́.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti hàn kedere jù lójú mi ni Sharm el-Sheikh ní Íjíbítì, nígbà tí ọdún 2010 ń parí lọ. Láàárín 30 November sí 1 December, ekurá ṣe arìnrìn-àjò afẹ́ mẹ́rin léṣe gidigidi. Ìjọba ti omi pa, wọ́n sì rán àwọn tó ń dẹ ẹja jáde. Wọ́n mú ekurá méjì, oceanic whitetip kan àti mako kan, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì fi òkú wọn han aráyé. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ tó ń jà fún ààbò òkun níbẹ̀ mú fọ́tò tí wọ́n ti ya ekurá tí wọ́n fura sí, wọ́n fi wé òkú oceanic whitetip yẹn, wọ́n ní àmì ara wọn kò bára mu, pé ẹja mìíràn lẹ mú wá yìí. Ẹnikẹ́ni ò dá wọn lóhùn. Ní 4 December, omi ṣí. Ní 5 December, ekurá pa ìyá kan ọmọ ilẹ̀ Jámánì, ẹni 70 ọdún, nítòsí etíkun.

Wọ́n ti etíkun o. Wọ́n tún pa ẹja lé e lórí. Ohun tí wọn ò ráyè ṣe ni pé kí wọ́n wádìí ohun tó gbé ekurá wá sí ibi tí kì í sábà dé. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, àwọn onímọ̀ tí wọ́n ké sí wá tò ó jọ. Ọkọ̀ ojú omi tó ń kó ẹran ọdún Iléyá ti da òkú àgùntàn sínú òkun. Àwọn awakọ̀ afẹ́ àti àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń fi oúnjẹ fa ẹja mọ́ra. Ìpẹja àpajù ti dín ẹja tí ekurá ń jẹ kù. Omi tún gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lásìkò yẹn. Èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni ìkéde ọjọ́ mélòó kan lè yí padà? Àwọn tó wọ omi padà ní 5 December ti gbọ́ pé ó ti ṣí, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ṣí i mọ ohun kan tí àwọn kò mọ̀.

Ní ti pípa ẹja, Hawaii ti ṣe é fún wa, wọ́n ṣe é títí ó fi sú wọn. Láti ọdún 1959 dé 1976, wọ́n pa ekurá 4,668. Nígbà tí wọ́n wo àkọsílẹ̀ ìkọlù lẹ́yìn náà, wọn ò rí i pé ó dín kù lọ́nà kan tó ṣeé fọwọ́ sọ̀yà.

Kí wá ni títi omi pa wúlò fún? Ní wákàtí àkọ́kọ́, ó wúlò ju bí àwọn alátakò rẹ̀ ṣe rò lọ. Ẹnì kan dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí hẹlikópítà nílò ibi tó máa bà sí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣọ́ omi kò lè máa tọ́jú ọgbẹ́ kí wọ́n tún máa wo èèyàn igba nínú ìgbì. Wọ́n gbọ́dọ̀ mọ̀ bóyá gbogbo ẹni tó wọlé ló ti jáde. Bí ẹnì kan bá sọnù, wọ́n á wá a. Ìdí yìí nìkan ti tó láti lé gbogbo èèyàn jáde, kò sì kan ẹja rárá.

Ìdí kejì ni pé ohun tó fa ekurá wá kì í tètè kúrò. Ó lè jẹ́ agbo ẹja wẹ́wẹ́ tó sún mọ́ èbúté, ó lè jẹ́ òkú àbùùbùtán tó ń rà nítòsí, ó lè jẹ́ omi odò tó dà sínú òkun lẹ́yìn òjò ńlá, tó sọ ọ́ di ẹrẹ̀ tí ẹja kò fi lè mọ ẹsẹ̀ èèyàn yàtọ̀ sí ẹja. Níwọ̀n ìgbà tí nǹkan wọ̀nyẹn bá ṣì wà, ewu náà ṣì wà, ibi tí ẹja àkọ́kọ́ wà kò ṣe pàtàkì. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó farapa ni ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ó máa pe gbogbo ekurá jọ láti ọ̀nà jíjìn. Àsọdùn ni. Kódà, àwọn tó ń sáré wọ omi lọ fa ẹni tó farapa jáde, ó ṣọ̀wọ́n kí ekurá tó bu àwọn náà jẹ.

Ní 7 June 2024, ní Walton County ní Florida, ekurá bu obìnrin kan jẹ lọ́wọ́ ọ̀sán. Kò tíì pé wákàtí méjì sí i, ní ibi tó tó kìlómítà mẹ́fà sí ti àkọ́kọ́, ekurá tún bu àwọn ọmọbìnrin méjì jẹ níbi tí omi ti mu wọ́n dé ìbàdí. Bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé títi omi pa kò lérè kankan, ẹ sọ ti ọjọ́ yẹn fún un. Ẹ sì kíyè sí bó ṣe jìnnà tó: ká ní wọ́n ti kìlómítà kan péré lọ́tùn-ún àti lósì, àwọn ọmọ yẹn ṣì máa wà nínú omi. Ó gbọ́dọ̀ yá, ó sì gbọ́dọ̀ fẹ̀.

Ìtàn New Jersey lọ́dún 1916 fi ọ̀nà méjèèjì hàn. Ní 1 July, ekurá pa ọkùnrin kan ní Beach Haven. Wọn ò ti ibì kankan pa. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, ó pa ẹnì kejì ní Spring Lake, nǹkan bíi 70 kìlómítà sí àríwá. Bóyá ẹja kan náà ni, bóyá òun kọ́, wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí títí dòní. Bí wọ́n bá sì ti Beach Haven pa, ti Spring Lake ì bá ṣì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 12 July, ọ̀rọ̀ yí padà. Ẹja wọ inú odò kékeré kan ní Matawan, ó pa ọmọdékùnrin kan, ó tún pa ọkùnrin tó wọ omi lọ wá òkú ọmọ náà. Láàárín ìdajì wákàtí, ní ìsàlẹ̀ odò kan náà, ó bu ọmọ mìíràn lẹ́sẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ òkun kan tó ti fẹ̀yìn tì ti rí ẹja náà tó ń wọ inú odò bọ̀, ó ń kìlọ̀ káàkiri ìlú, wọn ò gbà á gbọ́. Ìdajì wákàtí yẹn ni ìkìlọ̀ ì bá ti gba ẹsẹ̀ ọmọ là. Ọjọ́ márùn-ún ti àkọ́kọ́ kò lè gba ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo iye àsìkò tí wọ́n ń tì í níbi gbogbo. Ní Cape Cod ní Massachusetts, bí wọ́n bá rí great white nítòsí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́, wákàtí kan ni wọ́n sábà máa ń fi lé wọn jáde. Ní Hawaii, lẹ́yìn ìkọlù, pátákó ìkìlọ̀ á wà dé máìlì kan lápá ọ̀tún àti òsì, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kí wọ́n tó ká a kúrò, bí wọn ò bá rí ekurá. Ní New South Wales ní Ọsirélíà, wákàtí 24 ló wọ́pọ̀. Ní Del Mar ní California, lóṣù November 2022, wákàtí 48 ni wọ́n fi tì í. Ní agbègbè Hurghada ní Íjíbítì lọ́dún 2022, lẹ́yìn tí ekurá pa obìnrin méjì, ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n kéde. Great white tó wà ní Massachusetts kò mọ̀ pé wákàtí kan lòun ní, tó wà ní California kò mọ̀ pé ọjọ́ méjì ni tòun. Àwọn tó ń ṣe ìjọba ló mú iye wọ̀nyí jáde, wọ́n wo iye òṣìṣẹ́ tí wọ́n ní, ohun tí lọ́yà máa sọ, igbe àwọn oníhòtẹ́ẹ̀lì, àti ìbẹ̀rù àwọn òbí.

N kò sọ pé kò sí ọgbọ́n kankan nínú wọn. Tí Hawaii yẹn wù mí: ọ̀sán ọjọ́ kejì túmọ̀ sí pé wọ́n ti ní odidi òwúrọ̀ kan tí oòrùn mọ́lẹ̀ kedere láti fi wo omi. Wọ́n so ṣíṣí mọ́ wíwò. Wákàtí 48 tí kò sí ẹni tó wo omi láàárín rẹ̀ kò sàn ju wákàtí mẹ́rin tí wọ́n fi drone wò ó látòkè lọ.

Ibòmíràn wà tí wọ́n ti ti omi pa fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ pátápátá sì nìyẹn. Ní Réunion, erékùṣù ilẹ̀ Faransé tó wà nínú òkun Íńdíà, ìkọlù bull shark àti tiger shark pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti ọdún 2011 tó fi jẹ́ pé lóṣù July 2013 ìjọba fòfin de ìlúwẹ̀ẹ́ àti gígun ìgbì, àyàfi nínú ọ̀sà tí òkúta iyùn dáàbò bò àti níbi tí wọ́n bá ń ṣọ́. Ní Recife ní Brazil, ìkọlù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ láti ọdún 1992, lẹ́yìn tí wọ́n kọ́ èbúté Suape sí gúúsù ìlú náà, tí ẹnu odò tí ekurá ń lò sì bàjẹ́. Wọ́n fòfin de gígun ìgbì ní apá tó pọ̀ níbẹ̀, pátákó ìkìlọ̀ sì tò lọ rẹrẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Boa Viagem. Níbi méjèèjì yìí, ẹnikẹ́ni ò ṣe bí ẹni pé ẹja máa lọ lọ́la. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé omi yìí, bó ṣe rí báyìí, kò dára fún ìlúwẹ̀ẹ́. Ó dun àwọn tó ń gun ìgbì ní Réunion, ó sì ba òwò ọ̀pọ̀ jẹ́, àmọ́ mo rí òtítọ́ nínú rẹ̀ ju ti ọjọ́ mẹ́ta Íjíbítì lọ.

Títi omi pa tún ní iye tó ń náni, yàtọ̀ sí owó àwọn oníṣòwò. Bí oòrùn bá mú, tí wọ́n ti etíkun tó ní àwọn aṣọ́mi, àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà padà sílé. Wọ́n á rìn lọ sí apá ibi tí kò sí aṣọ́mi kankan, níbi tí ìṣàn omi ti lè fa òmùwẹ̀ tó gbóná lọ sí agbami. Ẹ rántí 300,000 tó kú sómi tí mo sọ lókè. Ibí yìí ló ti wúlò.

Bí ó bá sì jẹ́ pé a fẹ́ máa ti omi pa nígbàkigbà tí ekurá bá wà nítòsí, ẹ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ California tó wà ní Long Beach rí. Fún ọdún méjì, wọ́n ń fò drone lórí etíkun gúúsù California, wọ́n sì tẹ èsì wọn jáde lọ́dún 2023. Ní ibi méjì tí àwọn ọmọ great white ti máa ń pọ̀, wọ́n rí èèyàn àti ekurá pọ̀ nínú omi kan náà ní ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọjọ́ tí wọ́n wò ó. Àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ kò mọ̀. Ẹja náà kò kà wọ́n sí. Ẹ wo ẹni tó ti ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ láti kékeré, tó ń sọ pé òun kò rí ekurá rí.

Àwọn tí mo rò pé wọ́n sún mọ́ ọgbọ́n jù ni àwọn Shark Spotters ti Cape Town, tí wọ́n ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti ọdún 2004. Orí òkè tó kọjú sí omi ni wọ́n ń jókòó sí, lókè Muizenberg àti Fish Hoek, wọ́n á wọ awò tó ń pa dídán omi, awò awọ̀nàjíjìn á wà lọ́wọ́ wọn. Bí òjìji ẹja ńlá bá hàn nínú omi, wọ́n á fi rédíò pe ẹni tó wà nísàlẹ̀, fèrè á ké, wọ́n á gbé àsíá funfun tí wọ́n ya ekurá dúdú sí sókè, gbogbo èèyàn á sì jáde. Àsíá pupa ni fún ìgbà tí ewu ga, bóyá torí pé wọ́n ti rí ekurá lẹ́nu ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé omi mọ́, àwọn ń ríran, àwọn kò sì rí nǹkan. Èyí tó wú mi lórí jù ni àsíá dúdú. Ohun tó ń sọ ni pé: kùrukùru ni, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí omi tó dà rú, a kò ríran dáadáa lónìí. Mi ò mọ ibòmíràn tí ìjọba ti ń gbé àsíá sókè láti fi sọ pé àwọn kò mọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, òmùwẹ̀ lè pinnu fúnra rẹ̀, tí kò sì ní máa rò pé ẹnì kan ń bá òun wò ó.

New South Wales náà ń gbìyànjú. Yàtọ̀ sí àwọ̀n tí wọ́n ti ń dẹ láti ọdún 1937, tí ekurá lè gba òkè tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, wọ́n ní ìwọ̀ kan tó ń ránṣẹ́ sí wọn bí ekurá bá há sí i. Wọ́n á lọ so ẹ̀rọ mọ́ ọn lára, wọ́n á sì tú u sílẹ̀ lókèèrè. Ó ń náni lówó, kì í sì í mú gbogbo ẹja.

Nítorí náà, bí ẹ bá wà létí òkun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́yìn ìkọlù, ẹ má wulẹ̀ béèrè iye ọjọ́ tí wọ́n fi tì í. Ẹ bi aṣọ́mi pé kí ni wọ́n rí nígbà tí wọ́n wò ó, àti ìgbà wo ni wọ́n wò ó kẹ́yìn. Ẹ bi í bóyá agbo ẹja ṣì ń fò sókè lójú omi, bóyá àwọn ẹyẹ ṣì ń já bọ́ sínú rẹ̀, bóyá òkú ẹran kan ti gúnlẹ̀ nítòsí. Ẹ wo omi bóyá ó mọ́. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ kò dáa, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu odò àti ibi tí wọ́n ti ń pẹja. Ẹ má dá wà jìnnà sí àwọn tó kù. Bí ẹni tó ń ṣọ́ omi kò bá lè dáhùn ìkankan nínú ìbéèrè yẹn, etíkun náà kàn ṣí lójú ìwé ni.

Ẹ tún wo ohun tó wà lẹ́bàá ọ̀nà tó wọ etíkun. Lóṣù September 2018, ekurá pa ọ̀dọ́kùnrin kan ní Newcomb Hollow ní Cape Cod, ìgbà àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Massachusetts láti ọdún 1936. Fóònù alágbèéká kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé níbẹ̀. Kí àsìkò ìlúwẹ̀ẹ́ ọdún tó tẹ̀ lé e tó wọlé, àwọn ìlú agbègbè náà ti ń gbé fóònù pàjáwìrì àti àpò ohun èlò tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró sí etíkun wọn. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ló máa ń pa ọ̀pọ̀ àwọn tí ekurá bá bù jẹ, ó sì lè pa wọ́n láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Inú àpò yẹn ni ìdè tí wọ́n fi ń fún ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wà. Òkè ọgbẹ́ ni wọ́n ń dè é sí, ní ìhà ọ̀dọ̀ ara, kì í ṣe orí oríkèé; wọ́n á fún un títí ẹ̀jẹ̀ á fi dá, bó tilẹ̀ ń dun onítọ̀hún, wọ́n á sì kọ aago tí wọ́n dè é sílẹ̀ fún àwọn dókítà. Bí kò bá sí ìdè, kí ẹnì kan fi aṣọ tẹ ojú ọgbẹ́ náà pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kó má sì gbé ọwọ́ kúrò kí ọkọ̀ aláìsàn tó dé.